Ẹ Má Fọ Onínì

Ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ kan mú onínì 1936 wá bá mi n'Ìjẹ̀bú-Òde. "Prọ̀f, ẹ wò ó, mo ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́!" Àyà mi já.

Orúkọ Edward VIII ló wà lára ẹ̀, ọba tí wọn ò ná owó ẹ̀ nílùú Òyìnbó; àwa ná an níbí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀ pọ̀, èyí tí níná ò tíì bà jẹ́ ló níye lórí. Òǹtajà ò sì lè jẹ́rìí ọjà ara ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bíi NGC l'Amẹ́ríkà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, wọ́n á dì í mọ́nú ike. Èyí tí wọ́n bá ti fọ̀ kì í gba máàkì. Àbùkù ẹ̀ ni wọ́n á kọ sára ike.

Ó ní ṣé ìdọ̀tí náà ò wá ṣeé dá padà ni.