Kíndìnrín: Ẹ̀bùn ni àbí Ọjà?

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kiri l'Ékòó, tó ń ta nǹkan èlò fóònù. Lọ́dún 2022, wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀n kó lè fi kíndìnrín rẹ̀ kan sílẹ̀ fún ọmọbìnrin Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu, tí àìsàn kíndìnrín ń bá fínra. Ekweremadu yìí ni igbákejì ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 2007 sí 2019.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tó jáde nílé ẹjọ́, owó tí wọ́n ṣèlérí fún un tó ẹgbẹ̀rún méje pọ́n-ùn, pẹ̀lú àǹfààní iṣẹ́ nílùú òyìnbó. Wọ́n ní kó pe ara rẹ̀ ní mọ̀lẹ́bí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ara fu àwọn dókítà, wọn ò sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ojú títì ni ọmọkùnrin yìí sùn sí kó tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ní oṣù karùn-ún 2023, Ekweremadu gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ, ìyàwó rẹ̀ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà, dókítà tó bá wọn ṣètò rẹ̀ gba ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀sùn kò mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

Àánú ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nílé. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàápàá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ilé ẹjọ́. Bàbá wo ni yóò máa wo ọmọ rẹ̀ níran kó má wá nǹkan ṣe? Àmọ́ ọmọ ẹlòmíràn náà ni ọmọ olómọlanke.

Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti 2014 kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó nítorí ẹ̀yà ara tó fi sílẹ̀, àyàfi ìnáwó tó ṣe lórí rẹ̀. Èyí sì bọ́gbọ́n mu. Bí àgbẹ̀ kan bá fẹ́ fi kíndìnrín rẹ̀ ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lè gbé ohun tó wúwo. Ta ni yóò ro oko rẹ̀? Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Kò sẹ́ni tó yẹ kó pe ìyẹn ní títà. Owó tó ń fa ẹni tí kò ní lọ́kàn rárá láti ṣe é ni ìṣòro.

Orílẹ̀-èdè Ìráànù gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1988 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń san owó fún ẹni tó bá fi kíndìnrín sílẹ̀, tí ẹni tó gbà á sì máa ń fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ aláìsàn rí ìwòsàn. Àwọn tálákà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tà á.

Ní ìlú Chennai ní Íńdíà, àwọn olùwádìí bá àwọn 305 tó ti ta kíndìnrín sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú 100 wọn, 96 ló tà á nítorí gbèsè. Owó tí wọ́n gbà kò tó èyí tí wọ́n ṣèlérí fún wọn, owó tó ń wọlé fún ìdílé wọn fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nínú gbèsè. Wọ́n wá bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lè gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn láti ta tirẹ̀. Nínú 100, 79 ló ní rárá.