Ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn

Ní Kútọnu, vidomègon ni àwọn Fọ̀n ń pe ọmọ tí òbí rẹ̀ fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ ni àwọn àgbà ń wá fún ọmọ láyé àtijọ́. Nísinsìnyí, igbá ọjà ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń rù kiri Dantokpa.

Òfin ọdún 2006 kò gbà kí a mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Inú ọjà náà gan-an ni àwọn Arábìnrin Salésíà ṣí ibùdó sí, kí ọmọ lè sinmi, kí ó sì kàwé.

Dídá ọmọ padà sílé ló le jù. Òṣìṣẹ́ a kọ́kọ́ lọ wo ilé náà: ta ni yóò san owó ilé-ìwé? Kí ni ìyá ń tà? Bí òṣì tí ó lé ọmọ jáde bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó tún gbé igbá.