Kí Ọmọ Mọ Ẹ̀sìn, Ọ̀tọ̀. Kí Á Mú Un Wọ Ẹ̀sìn, Ọ̀tọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn mi tí n kò lè gbé mì mọ́.

Ní ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bí agogo ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá ti lù, kíláàsì á pín sí méjì. Àwọn ọmọ Onígbàgbọ́ á jókòó tì mí, àwọn ọmọ Mùsùlùmí á lọ bá tíṣà kejì. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo. Òun kò ní tíṣà. Abẹ́ igi máńgòrò ni í máa lọ jókòó sí títí a ó fi parí. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ abọ̀rìṣà ni. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò na ọwọ́ sókè mọ́ títí ọdún fi parí. Ẹ̀bi mi ni.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 38, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Òfin náà dára. Àwọn bàbá wa rántí ìgbà tí ọmọ Mùsùlùmí ń gba orúkọ ìrìbọmi ní ilé-ìwé àwọn mísọ́ọ̀nù. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ọmọ má mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ gbàgbọ́. Àwọn ọmọ wa jọ ń jẹ ẹran Iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìdí tí a fi ń ṣe ọdún náà.

Nítorí náà, ní àkókò èdè Yorùbá, nígbà tí gbogbo wọn jọ jókòó, mo máa ń kọ àdúrà, wàásù àti àlùfáà sí ojú pátákó. Mo bi wọ́n pé, “Ta ló ni ín?” Àwọn ọmọ Onígbàgbọ́ á ní tiwọn ni, ó wà nínú Bíbélì. Nígbà náà ni n ó sọ fún wọn pé láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti wọ èdè wa, kí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi wọ́n sínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí ó parí ní ọdún 1884. Lẹ́yìn náà mo kọ Ọlọ́run. Kí Bíbélì àti Àlùkùránì tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba ńlá wa ti ń pe orúkọ yìí. Ní àkókò ìṣirò ẹ̀wẹ̀, a máa ń sọ 16 di ìlọ́po 16, kí wọ́n lè rí bí odù Ifá ṣe di 256.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má sọ pé “báyìí ni òtítọ́”, ẹ sọ pé “báyìí ni Mùsùlùmí gbàgbọ́,” “báyìí ni Onígbàgbọ́ gbàgbọ́.” Ẹ sọ ọ́ lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀ tàbí babaláwo bá dúró lójú fèrèsé, yóò mi orí pé ẹ kò purọ́ mọ́ òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bẹ̀rù. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìgbàgbọ́ ọmọ yín, ọwọ́ yín ni ó wà. Tiwa ni pé kí ọmọ kankan má tún dá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò mọ́.