Nígbà Tí Ìpọ́njú Wọ Ilé Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ yìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn. Báwo ni onígbàgbọ́ ṣe ń di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú nígbà tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò bá ìwàásù tó ti ń gbọ́ mu?

Ìwàásù tí mo ń wí kò ṣàjèjì sí yín. A ti gbọ́ ọ pé ẹni tó bá ń gbàdúrà, tó ń san ìdámẹ́wàá, tó sì ń gbààwẹ̀, láburú kan kò ní dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A ti ṣe àmín sí i títí ohùn wa fi há. Ìlérí ààbò wà nínú Bíbélì lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè yọ Sáàmù 91 kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí láburú bá wá dé ńkọ́? Ẹni tó gbé gbogbo ìgbàgbọ́ rẹ̀ ka orí pé láburú kò ní dé, òun ni ó kọ́kọ́ ń ṣubú lọ́jọ́ náà.

ỌJỌ́ PẸ́ŃTÍKỌ́STÌ NÍ Ọ̀WỌ̀

Láti Ìpele dé Ọ̀wọ̀ kò jìnnà. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń ná ọjà, ibẹ̀ ni a sì ń gbé aláìsàn lọ bí ọ̀ràn bá le. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́stì ni, ọjọ́ tí ìjọ Kristi káàkiri ayé ń rántí bí Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe bà lé àwọn àpọ́sítélì. Ní ìjọ Àgùdà St. Francis Xavier ní òpópónà Owaluwa, ìsìn ti ń lọ sópin nígbà tí àwọn agbébọn dé. Wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ju ohun abúgbàù. Ó kéré tán, 40 ènìyàn ni ó kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Wọn kò sí ní ilé ọtí, wọn kò sí lójú ogun. Inú ilé Ọlọ́run ni wọ́n wà, pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ ìsinmi lọ́rùn wọn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà ni a ṣe ìsìn ìsìnkú wọn ní Ọ̀wọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Jude Arogundade ti ẹkùn Oǹdó wà níbẹ̀. Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, tí òun náà ti di olóògbé láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Pósí tò lọ rẹrẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu onígbàgbọ́ kì í pẹ́ sọ bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ìjọ mìíràn. A ó ní, “Bí wọ́n bá ń gbàdúrà bíi tiwa ni.” A ó ní, “Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ irú rẹ̀ láàrin wa. Wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá síwájú Olúwa Jésù rí, nípa àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa. Jésù tún fi ti ilé ìṣọ́ Sílóámù kún un, èyí tó wó pa ènìyàn 18. Kò gbà pé àwọn tó kú jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tó yè lọ (Lúùkù 13:1-5). Àwọn tó ń béèrè ni ó yí ọ̀rọ̀ padà sí, pé kí wọ́n yẹ ara wọn wò. Kò bá wọn wá ẹ̀sùn sí òkú lẹ́sẹ̀.

JÁKỌ́BÙ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Orí yìí ni ààyò wa, àwa ìjọ Ẹ̀mí. A fẹ́ràn bí ìjọ ṣe gbàdúrà láìsimi, tí áńgẹ́lì wọ inú túbú, tí ẹ̀wọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Pétérù, tí ẹnu ọ̀nà irin ṣí fúnra rẹ̀. Èmi kò lè ka iye ìsọjí tí mo ti gbọ́ ọ, a sì máa ń fò sókè ní gbogbo ìgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ẹsẹ̀ kejì. Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù, arákùnrin Jòhánù. Ìjọ kan náà ni, ìlú kan náà ni, ọba kan náà ni. Jákọ́bù yìí wà nínú àwọn mẹ́ta tí Jésù mú gun òkè lọ nígbà tí ìrísí Rẹ̀ yí padà. Ta ni nínú wa tó lè sọ pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù kéré sí ti Pétérù? Bíbélì kò sọ ìdí tí ọ̀kan fi kú tí èkejì fi yè. Ó kàn kọ méjèèjì sílẹ̀ sínú orí kan ṣoṣo, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. N kò tíì gbọ́ ìwàásù ìsọjí kan tí a pe àkọlé rẹ̀ ní Jákọ́bù.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú orí náà ju áńgẹ́lì lọ ni ìjọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n lè sọ pé, “Kí ni a tún fẹ́ gbàdúrà sí? Ṣebí Jákọ́bù kú náà.” Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ara jọ lóru sí ilé Màríà, ìyá Jòhánù Máàkù. Ẹ má sì rò pé ìgbàgbọ́ wọn ń jó bí iná o. Nígbà tí Ródà sáré wọlé wá sọ pé Pétérù ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú (ẹsẹ̀ 15). Ìgbàgbọ́ tó gbọgbẹ́ ni. Ó ń tiro, ṣùgbọ́n ó dé ibi àdúrà.

ÀWỌN BÀBÁ WA PẸ̀LÚ

Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ìtàn iṣẹ́ ìyanu dáadáa. Ìtàn ẹ̀wọ̀n ni wọn kò mọ̀. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni Wòlíì Joseph Ayo Babalola kí Olúwa tó pè é ní ọdún 1928, lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní ọdún 1930 ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1932, ọwọ́ ìjọba amúnisìn tẹ̀ ẹ́ nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní Otuo, ìlú kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, lápá ibi tí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ ti bá tiwọn pààlà. Ọ̀ràn àjẹ́ ni ẹ̀sùn náà dá lé. Wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní.

Ẹ rò ó wò ná. Ọkùnrin tí aláìsàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá fún àdúrà, òun náà wà nínú àhámọ́. Ìjọ tó ń gbàdúrà fún Pétérù ní Jerúsálẹ́mù kò ju èyí tó ń gbàdúrà fún Babalola lọ, mo rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jáde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959. Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà tí ìjọ náà ti sú yọ pàápàá, inú ìpọ́njú ni wọ́n ti gbilẹ̀, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ti ọdún 1918 ń pa ènìyàn, tí àwọn díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde sì kúnlẹ̀.

Bí mo ti dárúkọ àìsàn, ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ burúkú yẹn ní Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ àti ilé ìwòsàn St. Louis ni wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ. Wọ́n kéde pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, àwọn ènìyàn sì jáde wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn ti pín àwọn bàbá wa níyà rí. Kiníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930. Èmi kò ní jókòó dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó na apá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, lójú tèmi, ó ti gbàdúrà.

ẸKÚN KÌ Í ṢE ÀÌGBÀGBỌ́

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ láàrin wa, ẹnu wa a máa yá jù. “Má sunkún mọ́.” “Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run ló gbà á.” “Ṣé o kò ní ìgbàgbọ́ ni?” Ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta jókòó tì í nílẹ̀ ní ọjọ́ méje, ọ̀sán àti òru, wọn kò sọ nǹkan kan (Jóòbù 2:13). Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́, tí Ọlọ́run fi bínú sí wọn nígbẹ̀yìn (42:7). Ẹ tún ka Sáàmù 88. Inú òkùnkùn ni orin yẹn parí sí, kò sí halelúyà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ Ọlọ́run fi í sílẹ̀ nínú ìwé Rẹ̀ fún ẹni tí halelúyà kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀.

Èlíjà náà ńkọ́? Ó sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì tó wá kò bá a wí. Ó gbé oúnjẹ àti omi síwájú rẹ̀. Èlíjà jẹ, ó tún sùn, áńgẹ́lì sì tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì (1 Àwọn Ọba 19:4-8). Ìgbà tó jẹun tó sùn tán ni Ọlọ́run wá bá a sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ikú nìkan ni ó ń mi ìgbàgbọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá epo kan tí kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bí 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbá ti dákẹ́ nínú ilé. Ẹlòmíràn ní oko, ẹ̀rù ajínigbé kò jẹ́ kó lè lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin kòkó mọ bí ojò àpọ̀jù ṣe ń sọ èso di dúdú lórí igi. Wòlíì Hábákúkù mọ irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ó ka igi tí kò so àti agbo tó ṣófo lẹ́sẹẹsẹ kó tó sọ pé òun yóò yọ̀ nínú Olúwa (3:17-18). Kò fi òfo rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí: ìgbà tí a bá sọ lórí pẹpẹ pé àìlówó lọ́wọ́ jẹ́ àmì ègún, ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ àti owó ọrẹ yóò jókòó sílé. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló ṣaláìní. Ojú ló ń tì í.

WỌ́N PADÀ

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn ìkọlù yẹn, ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn ará ìjọ St. Francis Xavier padà sínú ilé ìsìn wọn. Nígbà náà kò tíì sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tó kó ọkùnrin márùn-ún wá síwájú ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀ràn náà, wọ́n sì ní àwọn kò jẹ̀bi. Àwọn olùjọ́sìn kò dúró de ìdájọ́, wọn kò sì dúró de ìdáhùn sí “kí ló dé?” kí wọ́n tó tún kúnlẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn.

Nínú ilé tiwa, ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kéré gan-an. Bí ọmọ bá béèrè pé, “Màámi, kí ló dé tí Ọlọ́run kò dá àwọn agbébọn yẹn dúró?” ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ lè sọ pé, “Èmi náà kò mọ̀, ọmọ mi. Wá, jẹ́ ká jọ bi Í.” Ọmọ tó gbọ́ èyí lẹ́nu ìyá rẹ̀ ti kọ́ àdúrà. Bí ọkọ kò bá lè gbàdúrà lálẹ́ yìí, kí ìyàwó gbà á, kó má sì fi ṣe ìjà. Ọkùnrin arọ tí wọ́n gba òrùlé sọ̀ kalẹ̀ síwájú Jésù, àwọn mẹ́rin ló gbé e, ìgbàgbọ́ wọn sì ni Jésù rí (Máàkù 2:3-5).

Ní ti àwọn opó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìjókòó kì í gba èrò. Ní oṣù kẹfà, ẹsẹ̀ á ti dá, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ á sì ti dé. Oṣù kẹfà yẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé yín. Ọkùnrin mẹ́rin lè parí oko ẹ̀gẹ́ ìyá kan ní òwúrọ̀ Sátidé kan ṣoṣo, bí wọ́n bá tètè jáde. Ẹ má wulẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀ wá gbàdúrà. Ẹ béèrè ọ̀nà oko lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ọkọ́ dání.