Ìwé Ìpín Ilẹ̀ tí Robert Morris Fọwọ́ Sí

Philadelphia, 1795
Tàdáwà lórí ìwé títẹ̀

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí dáadáa. Ẹ̀rọ ló tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi kọ iye ìpín, ọwọ́ náà sì ni Robert Morris fi kọ orúkọ rẹ̀.

Ní 1781, nígbà tí àpò ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ láàárín ogun òmìnira, orúkọ yìí kan náà lórí ìwé ni àwọn oníṣòwò ń gbà bí owó. Òwò ojú òkun ló sọ Morris di olówó. Òwò ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀.

Ó ṣe sẹ́nétọ̀ fún Pennsylvania láti 1789 sí 1795. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé kí ìjọba àpapọ̀ san gbèsè ogun, kí aráyé lè fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lójú. Òun, John Nicholson àti James Greenleaf dá North American Land Company, ilé iṣẹ́ tó ni ìwé ìpín yìí, sílẹ̀ lórí ilẹ̀ éékà mílíọ̀nù 6, ìpín kan ní dọ́là 100. Ọjà kò tà bí wọ́n ṣe rò. Gbèsè ń gorí gbèsè.

Ní oṣù Èrèlé 1798, wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n àwọn onígbèsè. George Washington bá a jẹun níbẹ̀. Ọdún 1801 ló tó jáde.

Ó dunni gan-an: ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún orílẹ̀-èdè kan, kò rí ẹni dúró fún un.