Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kòkòrò HIV ní Ìbàdàn

Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kòkòrò HIV jẹ́ àìsàn méjì tí wọ́n sábà máa ń pàdé nínú ara ènìyàn kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń mú kí èkejì le sí i. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó ń pa àwọn tó ní HIV jù lọ lágbàáyé. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 30 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kà sí ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ́pọ̀ jù. Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunka, níbi tí àwọn agboolé ti fara kan ara wọn.

Orúkọ

Ikọ́ ẹ̀gbẹ tún ń jẹ́ ikọ́ fée. Kòkòrò apa-sójà-ara ni wọ́n ń pe HIV, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbèjà ara ni ó ń pa. Éèdì ni orúkọ ipò tí ara máa ń bọ́ sí nígbà tí kòkòrò náà bá ti borí rẹ̀. Ẹni tó ní HIV tó sì ń lo oògùn déédéé lè má ní éèdì títí ayé.

Bí ọ̀kan ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́

Bakitéríà Mycobacterium tuberculosis, tí Robert Koch kéde ní Jámánì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, ni ó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà ràn, nígbà tí aláìsàn bá wúkọ́, tí ó sín tàbí tí ó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fà á símú kì í ṣàìsàn, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ CD4 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń yí i ká nínú ẹ̀dọ̀fóró bí odi ṣe ń yí ìlú ká. Nínú 100 ènìyàn tí kò ní HIV tí bakitéríà náà wà lára wọn, 5 sí 10 péré ni yóò ṣàìsàn láyé wọn. Àmọ́ CD4 gan-an ni HIV ń pa. Bí wọ́n bá ti dín kù, odi náà á wó, bakitéríà á sì jáde.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń ṣe HIV lóore. Nígbà tí ara bá ń bá a jà, ó máa ń jí àwọn CD4 dìde fún ogun. CD4 tó ti jí ni HIV sì ti ń bí sí i jù. Nípa bẹ́ẹ̀ kòkòrò HIV á pọ̀ sí i, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀fóró tí ogun náà ti gbóná, CD4 á sì yára dín kù. WHO ka ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ẹ̀dọ̀fóró sí àmì ìpele kẹta HIV nínú ìpele mẹ́rin. Ìpele kẹrin ni èyí tó bá ti kọjá ẹ̀dọ̀fóró dé ibòmíràn nínú ara.

Àwọn àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn

Òtútù àyà tí bakitéríà Streptococcus pneumoniae ń fà wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní HIV. Òmíràn ni èyí tí olú inú afẹ́fẹ́ kan, Pneumocystis jirovecii, ń fà. Ó sábà máa ń mú ẹni tí CD4 rẹ̀ kò tó 200. Oògùn cotrimoxazole ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀.

Ní Ìbàdàn

Yàrá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sùn sí, tí fèrèsé rẹ̀ kéré, máa ń jẹ́ kí bakitéríà náà pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kan máa ń ka ikọ́ tí kò lọ sí àsáàsí tàbí májèlé, wọ́n á sì kọ́kọ́ lo àgbo fún oṣù mélòó kan. Ìtìjú nítorí HIV náà ń dá àwọn mìíràn dúró sílé. Ní àkókò yìí, CD4 aláìsàn ń dín kù, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sì ń fa bakitéríà símú.

Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UCH tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, àti ilé ìwòsàn àyà ti ìjọba ní Jẹ́ríkò wà lára àwọn ibi ìtọ́jú ní ìlú náà.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Àmì ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ikọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ibà, òógùn òru àti rírù. Fún ẹni tó ní HIV, ikọ́ ọjọ́ kan péré ti tó láti ṣe àyẹ̀wò. Bakitéríà lè má hàn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ GeneXpert, tí WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2010.

Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú sábà máa ń gbà: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, méjì nínú wọn fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni WHO ní kí oògùn HIV tẹ̀ lé e, àyàfi tí àìsàn bá ti dé awọ ọpọlọ.

Ìdènà

Oògùn HIV, oògùn isoniazid fún ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ kò tíì mú, ṣíṣí fèrèsé, àti àyẹ̀wò fún gbogbo ará ilé aláìsàn ni ọ̀nà ìdènà. Abẹ́rẹ́ BCG ń dáàbò bo ọmọ tuntun, àmọ́ wọn kì í fún ọmọ tí a mọ̀ pé ó ní HIV tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.