Wáyà Iná Inú Ọkọ̀ Òfuurufú Àfọwọ́kàn

Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Wáyà iná rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Gílóòbù wáàtì 100 nínú ilé kò fa tó ìdajì ámpù, nítorí fóòtì 220 ni. Lórí bátìrì fóòtì 12, irú rẹ̀ ń fa ju ámpù 8 lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gbóná níbẹ̀.

Wáyà olókùn kan tí à ń rì mọ́ ògiri kò yẹ. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n yóò dá a. Olókùn wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni kí wọ́n lò. Bí PVC ara wáyà ilé bá jó, májèlé ni èéfín rẹ̀. Ta ni yóò sá jáde lókè? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ra èyí tí a fi Tefzel bò, tó ń fara da ooru 150 Celsius. Ó wọ́n o! Kí fíúsì tí yóò já kí wáyà tó gbóná sì wà nítòsí bátìrì.